Òórùn Inú Àpótí

Tí mo bá wọ ilé ìyá ìkókó, ọmọ kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Màá wo ìyá rẹ̀ lójú, màá bi í bóyá ó ti jẹun, màá sì jókòó síbi tí wọ́n bá ní kí n jókòó sí. Ìgbà tí a bá ti rẹ́rìn-ín díẹ̀ ni màá wá sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n rí ìlédìí tí ẹ bọ́ lára rẹ̀ kẹ́yìn." Àwọn mìíràn á máa wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi ìlédìí ẹlẹ́gbin ṣe? Ṣùgbọ́n ọmọ tuntun ò lẹ́nu tó lè fi rojọ́. Ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá a rò ó.

Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Àwa obìnrin bíi mélòó kan la máa ń pàdé nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn òpópónà Rye Lane, wọ́n á sì pín wa sí ilé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pàápàá àwọn tí kò ní ẹbí nítòsí. A kì í ṣe nọ́ọ̀sì, a kì í fún ọmọ lóògùn. Ká lọ wò wọ́n ni, ká bá wọn fọ abọ́, ká gbọ́ tẹnu wọn. Tí nǹkan kan bá sì kọ wá lóminú, ká sọ fún ẹni tó mọ̀ jù wá lọ.

Obìnrin òyìnbó tó jẹ́ olórí wa sọ fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun ní ìhà ìlú yìí. Ó ní láyé ìyá tó bí ìyá ìyá òun, nígbà tí odindi ìdílé ń há mọ́ inú yàrá kan ṣoṣo, àwọn ọmọ ọwọ́ máa ń kú ní irú àdúgbò báyìí bí ẹni ń jáwé. Wàrà tó ti bàjẹ́ nínú ooru ni, ìgbẹ́ gbuuru ni, òtútù àyà ni. Ni àwọn obìnrin kan bá gbéra, láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn kan ṣílẹ̀kùn fún wọn. Àwọn kan bú wọn pé kí ló kàn wọ́n.

Ọ̀kan nínú wa ní, "Ẹni tó bá bú mi, tí ọmọ rẹ̀ ṣáà yè, kó máa bú mi lọ." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá bá mi.

Ìgbà òtútù ni. Wọ́n ní kí n máa lọ wo ọmọbìnrin kan tó ń gbé inú àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ síbi tí ẹ́stéètì àtijọ́ wà kí wọ́n tó wó o. Àkọ́bí rẹ̀ nìyẹn, ọmọkùnrin. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí apá òkè lọ́hùn-ún, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, ọmọ náà dára, ó ń mu ọmú bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí sì ti wá wò ó, ó ní kò sí ìyọnu. Ìyá ọmọ náà kàn ń sunkún ni, nítorí ìwé ìrìnnà ìyá rẹ̀ tó fẹ́ wá bá a wẹ ọmọ kò tíì jáde. Mo bá a wẹ ọmọ lọ́jọ́ yẹn. Mo se oúnjẹ sílẹ̀. Mo lọ.

Ìwé ìrìnnà wá jáde. Ó ku ọ̀la kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ ni ìyá náà dé láti Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ díẹ̀ ni mo padà lọ, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀. Mo tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Ohùn àgbà ló dáhùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni o. Èmi tí mo máa ń wá wo ìyá ìkókó."

"Ṣé àwọn kánsù ìjọba ni?"

"Rárá o, Mà. Kánsù kì í kúnlẹ̀ kí èèyàn níta ilẹ̀kùn. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀, orúnkún mi sì ti ń bẹ̀bẹ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ṣílẹ̀kùn. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ó wé ìborùn funfun. Bóyá ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, bóyá ó jù mí lọ, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àlàájà ni gbogbo èèyàn ń pè é, Àlàájà lèmi náà pè é.

"Ẹ dìde, Ìyá Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wọlé. Àwọn ọmọ yín tó wà níbí ò mọ ìkúnlẹ̀ mọ́. Wọ́n kàn ń juwọ́ sí mi bí ẹni tó fẹ́ dá bọ́ọ̀sì dúró."

Bí mo ṣe wọlé ni ara tù mí. Ilé náà ti ní òórùn ilé.

Ìyá ọmọ jókòó sórí àga. Mo wò ó lójú gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, ojú mi sì sọ̀kalẹ̀ sí àyà rẹ̀. Wàrà ti rin aṣọ rẹ̀ níwájú títí dé ìgbànú. Ọmú rẹ̀ méjèèjì le bí òkúta. Ọmọ wà nílé, ọmú sì kún báyẹn?

"Ìgbà wo ló mu ọmú kẹ́yìn?" ni mo bi í.

"Ó tọ́ ọ wò láàárọ̀, Mọ́mì. Ó kàn ń sùn ṣáá ni."

Àlàájà gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ìyá rẹ̀ tí ẹ ń wò yìí, nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, lẹ́mọ́mù àdúgbò wa fẹ́ kó lọ sílé mìíràn nítorí igbe rẹ̀."

"Màámi!"

"Irọ́ ni mo pa?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo béèrè ìlédìí. Ìyá ọmọ mú un wá. Ìtọ̀ ọmọ tuntun kì í ní àwọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọ̀ omi ni. Èyí ṣú bíi tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Mo ká a padà. Mo ní kí wọ́n gbé ọmọ fún mi.

Fìlà kékeré kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n fi òwú hun, ẹ̀wù funfun tó ti pọ́n nítorí ọjọ́ pípẹ́ wà lára rẹ̀, wọ́n sì fi ìdajì ìró àtijọ́ kan wé e. Àlàájà rí i pé mò ń wo aṣọ náà.

"Ẹ wò ó dáadáa," ó ní. "Àwọn tó dúró ló wọ aṣọ yẹn. Ọmọ méjì ni mo bí ṣáájú ìyá rẹ̀ yìí, ọkùnrin ni wọ́n, méjèèjì. Wọn ò dúró. Nígbà tí mo bí èyí, ìyá ọkọ mi ṣí àpótí rẹ̀, ó mú aṣọ yìí jáde, ó wọ̀ ọ́ fún un. Ó dúró. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wọ̀ ọ́, ó dúró. Mo ti tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà náà, kòkòrò ò fi ẹnu kàn án. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ló ti wà lára ọmọ mi. Ní ilé wa, ẹni tó bá wọ aṣọ ẹni tó dúró, á dúró."

Mo ní, "Àṣẹ." Mo gbé ọmọ náà lọ sẹ́bàá fèrèsé, nítorí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ti ń lọ. Ara àwa aláwọ̀ dúdú kì í tètè fi nǹkan hàn. Wọ́n ti kọ́ wa ní gbọ̀ngàn pé ká wo ẹyinjú, ká fi ìka tẹ èrìgì, ká wo àtẹ́lẹsẹ̀. Mo ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀. Ibi tó yẹ kó funfun pọ́n bí epo tí wọ́n pò mọ́ omi. Mo tẹ èrìgì rẹ̀, bákan náà. Mo fi ìka ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀ kó lè jí. Kò jí. Mo tún ta á. Ó na ọrùn rẹ̀ sẹ́yìn, ó ké lẹ́ẹ̀kan, igbe tín-ín-rín bí ti ọmọ ológbò, ó sì tún padà sójú oorun.

"Ibà pọ́njú ni," Àlàájà sọ lẹ́yìn mi. "Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Mo ti rí i láti àná. Oòrùn ni oògùn rẹ̀. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn gan-an ni mo ń tẹ́ ẹ sí."

"Oòrùn wo, Àlàájà? Oòrùn ìlú yìí ò lè gbẹ ìbọ̀sẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí ìyá ọmọ.

"Ọmọ mi, ilé ìwòsàn ni. Kì í ṣe ọ̀la. Báyìí."

Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ jáde lójú rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rù àìsàn. "Mọ́mì, ṣé wọn ò ní pe àwọn sóṣà?" Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ ló ń sọ. Kò sí ìyá kan láàrin àwa tí a wà níbí tí kò ní ìtàn kan nípa wọn, òótọ́ tàbí irọ́. "Wọ́n ní obìnrin kan gbé ọmọ lọ nítorí ibà lásán, ìbéèrè ni wọ́n fi ń tẹ̀lé e títí ó fi kó kúrò ládùúgbò. Wọ́n á ní kí ló dé tí mi ò gbé e wá láti àná. Wọ́n á ní mi ò mọ ọmọ tọ́jú. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi."

"Ìbéèrè lásán ni. Jẹ́ kí wọ́n bi ọ́ títí ẹnu á fi dùn wọ́n, kí ọmọ ṣáà wà láàyè tí wọ́n ń béèrè nípa rẹ̀."

Bí mo ṣe sọ gbólóhùn yẹn tán, Àlàájà na ọwọ́, ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ó fẹ́ múra fún un ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ sẹ́yìn, ó fa ìró rẹ̀ le, ó gbá ọ̀já mọ́ ọn, ó sì lọ fẹ̀yìn ọmọ náà ti ilẹ̀kùn, ó kọjú sí wa.

"Wọn ò ní gbé e lọ síbi kankan."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Gba ẹnu ẹ dákẹ́." Ohùn rẹ̀ ò ga rárá. "Ìyá Lọ́ńdọ̀nù, ẹ fetí sí mi. Àkọ́kọ́ tí mo bí, irú oorun yìí ló ń sùn. Mo gbé e sẹ́yìn lọ sí ọsibítù. Ó ń mí nígbà tí mo gbé e fún wọn. Aṣọ ni wọ́n fi wé e padà fún mi. Èkejì, bákan náà. Mo gbé e fún wọn, ó ń mí. Ẹ má sọ fún mi pé kí n tún gbé ẹ̀kẹta fún wọn. Ẹ̀yìn mi ló máa wà. Tó bá jẹ́ pé ó ń lọ, ẹ̀yìn mi ni yóò ti lọ."

Ìyá ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Èmi dúró láàrin yàrá, fóònù wà lọ́wọ́ mi. Mo lè pe ambúláǹsì láti ibi tí mo wà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé, tí wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì, tí ìyá àgbà wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ọlọ́pàá ni wọ́n máa pè lé e. Gbogbo ohun tí ìyá ọmọ náà ń bẹ̀rù á sì ṣẹ lójú rẹ̀. Mo bi ara mi pé kí ni obìnrin yìí máa gbà gbọ́. Ọ̀rọ̀ mi kọ́. Ti dókítà kọ́. Ojú ara rẹ̀ ni.

Mo ní, "Àlàájà, ẹ tọ́mọ jù mí lọ, mi ò bá yín jà. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀yin gan-an, ẹ fún wàrà ìyá rẹ̀ sí i lẹ́nu. Tó bá gbé e mì, màá mú báàgì mi, màá lọ. Tí ẹ bá tún rí mi níbí, ẹ da omi lé mi."

Ó tú ọ̀já. Ọmọbìnrin rẹ̀ fún wàrà sínú ṣíbí, kò tilẹ̀ ní láti fún un kó tó dà. Àlàájà fi ṣíbí sí ètè ọmọ náà, ó ń wí pé, "Bísímílà, ọkọ mi. Bísímílà, gbé e mì." Wàrà náà wọlé. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Kò mì. Wàrà náà jókòó síbẹ̀ díẹ̀, ó sì tú gba igun ẹnu rẹ̀ jáde, ó ṣàn dé ọrùn, ó wọ inú ẹ̀wù tó pọ́n náà.

Àlàájà tún bu òmíràn. Ó tún tú jáde.

Ṣíbí náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ pè wọ́n," ó ní.

Mo pè wọ́n. Ohùn kan ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé ó ń mí, àwọ̀ wo ni ètè rẹ̀, mo ń dáhùn. Ambúláǹsì dé. Rye Lane kún fún èrò àti ọkọ̀, awakọ̀ náà fi fèrè lé gbogbo wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá ọmọ di ọwọ́ mi mú débi pé òrùka mi wọ̀ mí lẹ́ran. Àlàájà ń ka àdúrà láìgbé ojú kúrò ní àyà ọmọ náà, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ sókè, bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, wọn ò jẹ́ ká jókòó dúró dè wọ́n rárá. Èyí gan-an ló tún já mi láyà. Dókítà tó gba ọmọ náà jẹ́ obìnrin, kò ga, ojú rẹ̀ ti rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń béèrè. Ìyá ọmọ ò lè sọ̀rọ̀ fún ẹkún, Àlàájà ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, ni mo bá di ògbifọ̀.

Ṣé ẹ fún un ní àgbo? Rárá. Omi ńkọ́? Rárá. Ṣé ẹ fi nǹkan pa á lára? Òrí nìkan. Ṣé ẹ fún un ní oògùn kankan? Rárá, rárá. Òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ láti gbọ́ àyà ọmọ náà. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó fi imú kan fìlà rẹ̀. Ó fi kan ìró tí wọ́n fi wé e. Ó gbójú sókè.

"Òórùn kí lèyí?"

Mo wo ìyá ọmọ. Ìyá ọmọ wò mí. A ò gbóòórùn nǹkan kan. Mo ní, "Òórùn wo?"

Ó ní, "Àwọn nǹkan róbótó funfun tí wọ́n máa ń kó sáàárín aṣọ, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ẹ bá mi bi ìyá àgbà bóyá òun ló wà nínú aṣọ yìí. Ó ṣe pàtàkì, mo gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n báyìí."

Káńfọ̀. Èmi fúnra mi, káńfọ̀ ló wà nínú gbogbo àpótí aṣọ mi. Òun ni mo gbóòórùn lẹ́nu ọ̀nà tí ara fi tù mí, mi ò kà á sí òórùn rárá. Ta ló ń gbóòórùn ilé ara rẹ̀?

Mo yíjú sí Àlàájà. Mo rí i pé ó ti yé e kí n tó la ẹnu. Ojú rẹ̀ ti yípadà.

"Ẹ sọ fún un pé rárá," ó ní fún mi ní Yorùbá, jẹ́jẹ́.

"Àlàájà."

"Mo ní ẹ sọ fún un pé rárá. Wọ́n á ní mo gbé májèlé láti Abẹ́òkúta wá pa ọmọ ọmọ mi. Wọ́n á tì mí mọ́lé. Wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nítorí tèmi. Ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, ẹ bò mí láṣìírí."

Dókítà ń wo ẹnu wa. Ẹ̀rọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọmọ náà ń dún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, àgbà ló bẹ̀ mí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi láti kékeré pé àṣírí tí àgbà bá fi sí ọ lọ́wọ́, ìwọ ni ìdérí rẹ̀.

Mo ní, "Ẹnu yín ni mo jẹ́ níbí, Àlàájà. Ohun tí ẹ bá sọ tó bá jẹ́ òótọ́ ni màá sọ. Mi ò lè bá yín sọ èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó." Mo na ìka sí ọmọ náà. "Oògùn tí wọ́n máa lò wà lábẹ́ ahọ́n yín."

Ó wo ọmọ náà. Wọ́n ti bọ́ fìlà rẹ̀, orí rẹ̀ kéré, ó ń ju ọrùn sẹ́yìn. Àlàájà tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rìn lọ bá dókítà, ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ṣe róbótó. "Káńfọ̀," ó ní. Ó tọ́ka sí aṣọ tó wà nílẹ̀. Ó tún sọ ọ́, "Káńfọ̀, púpọ̀," ó sì fi ọwọ́ gbá àyà ara rẹ̀ kó lè yé obìnrin náà pé òun ni, kì í ṣe ọmọ òun.

Dókítà di ọwọ́ tó fi gbá àyà náà mú, ó mì í lẹ́ẹ̀kan, ó sì yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀. Wọ́n bọ́ gbogbo aṣọ ara ọmọ náà, wọ́n dì í sínú ọ̀rá. Wọ́n gbà á sínú yàrá mìíràn. Nígbà tó ṣe, dókítà jáde wá bá wa, ó jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ní nǹkan kan wà tó máa ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ kan wà láàrin àwa aláwọ̀ dúdú, pàápàá ọkùnrin, tí wọ́n bí láìní in tó. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè dàgbà láìsí wàhálà, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ṣùgbọ́n tí káńfọ̀ bá wọ̀ ọ́ lára, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ìbàjẹ́ rẹ̀ ló ń pọ́n lójú, tó bá sì pọ̀ jù, á gun ọpọlọ. Wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó ní tó bá tilẹ̀ yè é, ó ṣeé ṣe kó ba etí rẹ̀ jẹ́. Ó ní àwọn ì bá ṣì máa wá ohun tó fà á kiri ká ní ìyá àgbà ò sọ̀rọ̀.

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún Àlàájà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ bá mi bi í. Àwọn tèmi méjèèjì, inú àpótí ìyá ọkọ mi kan náà ni aṣọ wọn ti jáde. Ẹ bá mi bi í bóyá òun náà ni."

Mo bi dókítà. Ó mi orí. "Mi ò lè sọ nípa ọmọ tí mi ò rí."

Mo túmọ̀ ìyẹn náà bó ṣe wà. Ìyá ọmọ tó jókòó láàrin wa dìde, ó lọ jókòó sí ìdí fèrèsé lọ́hùn-ún. Láti ìgbà náà, kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

A dúró. Àlàájà kò gbà láti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá tí ọmọ wà. Ó ní aṣọ tó wà lọ́rùn òun, inú àpótí tí òun kó aṣọ ọmọ náà sí ló ti wá. Tí wọ́n bá ní kó wá wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì, á tún sún sẹ́yìn. Òtútù mú un nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà nítorí pé ó ti ká ìborùn rẹ̀ kúrò, ó tì í sábẹ́ àga bí ẹni tó ń fi ẹran òkú pamọ́. Mo fẹ́ fún un ní súwẹ́tà mi. Mo rántí pé tèmi náà ń rùn. Mo wọ̀ ọ́ padà. Ohun tí a jọ ń ṣe ni ká jókòó.

Ìgbà tí wọ́n jáde wá pé wọ́n ti parí, pé ẹ̀jẹ̀ tuntun náà ti dúró, pé iná aláwọ̀ búlúù ni ó kù tí wọ́n máa tan sí i lára, ìyá ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ pè wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, aṣọ tí wọ́n ń fún àwọn aláìsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń so lẹ́yìn. Ó gbé e síwájú ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ lọ bọ́ èyí tó wà lọ́rùn yín. Ó ti mu ọmú. Ẹ wá wò ó."

"Ṣé o ò bínú sí mi?"

"Mò ń bínú, Mà. Inú ń bí mi gan-an ni. Ẹ lọ pààrọ̀ aṣọ."

Ni Àlàájà bá lọ, ó padà wá pẹ̀lú aṣọ náà, ẹ̀yìn rẹ̀ wà níta, èmi ló bá a di etí rẹ̀ mú bí a ṣe ń lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn sóṣà náà wá bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, lóòótọ́. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sọ fún un, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ìyá mìíràn mọ̀ nípa káńfọ̀. Mo ní wọn ò mọ̀, èmi gan-an ò mọ̀. Láti ìgbà náà, tí mo bá wọ ilé ìyá ìkókó, tí mo bá ti wo ìlédìí tán, mo máa ń béèrè ta ló fi ẹrù ránṣẹ́ láti ilé, ibo ni aṣọ ọmọ ti jáde. Àwọn kan ń ṣílẹ̀kùn fún ìbéèrè náà. Àwọn kan ń bi mí pé ṣé àpótí aṣọ ìyá wọn ni mo fẹ́ wá tú.

Etí ló kù. Wọ́n dá ọjọ́ fún wa, mo bá wọn lọ. Ìrìn àjò Àlàájà ti fẹ́ parí nígbà náà. Yàrá kékeré kan ni, kò sí ariwo níbẹ̀ rárá. Obìnrin kan lẹ nǹkan pẹlẹbẹ mẹ́ta mọ́ orí ọmọ náà níbi tó ti ń sùn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó fi nǹkan bo etí rẹ̀, ó sì jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní ká má sọ̀rọ̀. Àlàájà di imú rẹ̀ pàápàá mú kí mímí rẹ̀ má baà dún. Ojú obìnrin náà ni gbogbo wa ń wò, ojú rẹ̀ ò sì sọ nǹkan kan. Ó yí nǹkan kan. Ó dúró. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó wá bọ́ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó ní, "Etí ọ̀tún gbọ́, ó gbọ́ dáadáa. Ti òsì ò tíì dá mi lóhùn bí mo ṣe fẹ́. Ó lè jẹ́ omi, ó lè jẹ́ ohun mìíràn. Ẹ máa padà wá."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá ọmọ pa ojú rẹ̀ dé, ó tún ṣí i. Àlàájà na ọwọ́, ọmọbìnrin rẹ̀ sì gbé ọmọ náà fún un.

Bọ́ọ̀sì alájà méjì la wọ̀ padà, òkè ni ìyá ọmọ ní ká lọ jókòó sí. Àlàájà gbé ọmọ náà sí apá òsì bó ṣe mọ́ ọn lára, ó dúró, ó ronú, ó sì yí i padà sí apá ọ̀tún, ó tún un ṣe títí etí ọ̀tún ọmọ náà fi kọjú sí ẹnu òun. Bí bọ́ọ̀sì náà ṣe ń rọra gba Rye Lane kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń rí fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò fo ṣọ́ọ̀bù kankan: ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja, ibi tí wọ́n ti ń dirun, ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, iṣu nìyẹn, ọkọ mi, iṣu wa ni.